Ta Ló Mọ Ọjọ́ Orí Àwo Orin? Ẹ̀kọ́ Láti Inú Àríyànjiyàn Àwọn Olólùfẹ́ King Sunny Ade ní Ìlá-Ọ̀ràngún

Ìfáàrà

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mo ti gbọ́ òwe yìí láìmọye ìgbà, mo tilẹ̀ ti fi dáhùn ìbéèrè nínú ìdánwò rí, ṣùgbọ́n ìgbà tí mo lọ lo ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ tó kọjá ní Ìlá-Ọ̀ràngún ni ó tó yé mi dáadáa. Àkísà tí mo rí níbẹ̀ kì í ṣe ti aṣọ. Àpótí pákó kan ni, àwo orin mẹ́rìnlélógójì ni ó sì wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n ni àpótí náà. Iṣẹ́ aránṣọ ni wọ́n ń ṣe. Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ wọn a máa wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wọn. Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì wà láàárín wọn, awakọ̀ kan wà níbẹ̀ tí ó ti fi ọkọ̀ akẹ́rù ná Èkó àti Kánò fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, onígángan kan wà níbẹ̀, adẹ́mu kan tí kì í wá lọ́wọ́ òfo náà sì wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti mu ẹmu díẹ̀, tí giramafóònù sì ti ń kọrin, àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àríyànjiyàn náà kò ju ọ̀kan lọ: nínú gbogbo àwo orin tí King Sunny Ade ti ṣe, èwo ni ó dára jù, ìgbà wo ni ó sì ṣe é?

Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ ṣàlàyé nínú àpilẹ̀kọ yìí. Èkíní ni bí àwọn olólùfẹ́ orin ṣe pín iṣẹ́ olórin yìí sí sáà sáà. Èkejì ni àwọn àmì tí a fi lè mọ sáà tí àwo orin kan jáde. Ẹ̀kẹta ni ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan àwa tí a ń kọ́ nípa lítíréṣọ̀ alohùn Yorùbá.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì tí mo dé, wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa àwo orin kan tí wọ́n ń pè ní "Synchro". Awakọ̀ ní òun jó orin náà ní ọdún tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀. Mo kọ́kọ́ dákẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu ń yún mi. Mo yọ fóònù mi, mo wò ó, mo sì sọ fún wọn pé kò rí bẹ́ẹ̀, pé 1983 ni Synchro System jáde, àti pé ilé-iṣẹ́ Island ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni ó gbé e jáde.

Gbogbo wọn wò mí. Awakọ̀ ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ọdún wo ni wọ́n bí bàbá rẹ?"

Mo ní, "1975 ni, sà."

Wọ́n ní, "Ó dára. Bàbá rẹ ń rákòrò nígbà tí mo jó orin náà. Ṣé ọmọ ọdún mẹ́jọ ń rákòrò ní yunifásítì yín ni?"

Ẹ̀rín sọ. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ohun tí mo kà kì í ṣe irọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Wọ́n wọlé lọ, wọ́n gbé àwo méjì jáde, wọ́n sì tẹ́ wọn sórí tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ. Orúkọ ọ̀kan ni Synchro System Movement, èyí tó jáde ní 1976. Orúkọ èkejì ni Synchro System, ti Island, 1983. Orúkọ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra tán, ṣùgbọ́n àwo ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ọdún méje ni ó sì wà láàárín wọn. Awakọ̀ kò parọ́, èmi náà kò parọ́. Ohun tí a kò ní ni ọ̀nà tí a fi ń ya sáà kan kúrò lára èkejì. Ibi tí ẹ̀kọ́ mi ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Sáà mẹ́rin

Bí mo ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn, mo rí i pé àwọn àgbà wọ̀nyí ti pín iṣẹ́ Sunny Ade sí sáà mẹ́rin láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ wọn. "Ayé" ni wọ́n ń pe sáà kọ̀ọ̀kan.

Sáà kìíní ni ayé Green Spots. Ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹsàn-án ọdún 1946 ni a bí Sunday Adéníyì Adégẹyè ní Òṣogbo, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ Oǹdó ni. Ó kọ́kọ́ bá Moses Ọláìyá ṣiṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ olórin Federal Rhythm Dandies. Moses Ọláìyá yìí ni gbogbo ayé padà mọ̀ sí Bàbá Sàlá aláwàdà. Ní 1967 ni Sunny Ade dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, tí ó sì pè é ní Green Spots. Ẹni tó bá rántí pé Blue Spots ni ẹgbẹ́ I. K. Dáíró ń jẹ́ yóò mọ̀ pé orúkọ náà kò ṣàdédé wá. Ilé-iṣẹ́ African Songs, ti Olóyè Bọ̀lárìnwá Abíọ́rọ̀, ni ó ń gbé àwo rẹ̀ jáde nígbà náà. Challenge Cup ti ọdún 1968, tí ó fi yin ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Stationery Stores ti Èkó, ni ó sọ ọ́ di ẹni tí ará oko mọ̀. Ohùn rẹ̀ nígbà yìí tín-ín-rín, ó sì ń lọ sókè bíi ti Túndé Nightingale tí ó jẹ́ àgbà ọ̀jẹ̀ nínú orin jùjú. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni alágbàwí sáà yìí. Wọ́n ní gbogbo ohun tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀, àfikún ni.

Sáà kejì ni ayé African Beats nílé. Lẹ́yìn tí àìgbọ́ra-ẹni-yé ṣẹlẹ̀ láàárín òun àti African Songs lórí ìwé àdéhùn, tí ọ̀rọ̀ sì dé ilé ẹjọ́, Sunny Ade kúrò níbẹ̀ ní nǹkan bí 1974 sí 1975, ó sì dá ilé-iṣẹ́ Sunny Alade sílẹ̀. Orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀ náà di African Beats. Gìtá pọ̀ sí i, gángan àti gìtá wá ń dá ara wọn lóhùn, orin sì gùn. Synchro System Movement ti 1976 àti The Message ti 1981 wà lára àwo sáà yìí. Ayé yìí ni awakọ̀ àti onígángan dúró lé lórí, ẹsẹ̀ wọn kò sì yẹ̀.

Sáà kẹta ni ayé òkè-òkun. Nígbà tí Bob Marley kú ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Karùn-ún ọdún 1981, ilé-iṣẹ́ Island tí ó ń gbé àwo rẹ̀ jáde ń wá olórin mìíràn tí yóò gba ọkàn àwọn òyìnbó. Martin Meissonnier, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó bójú tó iṣẹ́ náà. Ní Lomé, ní orílẹ̀-èdè Tógò, ni wọ́n ti gbohùn Juju Music sílẹ̀, ó sì jáde ní 1982. Synchro System tẹ̀ lé e ní 1983, wọ́n sì yàn án mọ́ àwọn tó ń du ẹ̀bùn Grammy ní Amẹ́ríkà. Aura ni ìkẹta, ní 1984, Stevie Wonder sì bá wọn fọn fèrè onírin kékeré nínú rẹ̀. Lẹ́yìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, Island àti Sunny Ade pínyà. Nínú àwọn tó ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, èmi nìkan ni mo kọ́kọ́ fẹ́ràn sáà yìí, nítorí pé òun ni fóònù kọ́kọ́ fi hàn mí.

Sáà kẹrin ni ayé ìpadàbọ̀. Ẹgbẹ́ African Beats tú ká fún ìgbà kan, àwo tó jáde ní nǹkan bí 1985 sí 1986 sì ní orúkọ Golden Mercury lára. Nígbà tó yá, orúkọ African Beats tún padà. Sáà yìí gùn dé Odù ti ọdún 1998, èyí tí wọ́n tún yàn mọ́ àwọn tó ń du ẹ̀bùn Grammy. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi fẹ́ràn sáà yìí nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ, "ẹni tó lọ tó bọ̀ ni a ń kí káàbọ̀."

Adẹ́mu nìkan ni kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní, "Ẹmu àárọ̀ dùn, ẹmu ìrọ̀lẹ́ kan díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pẹ kan náà ni mo gun."

Àwọn àmì tí a fi ń mọ sáà àwo orin

Kì í ṣe gbogbo páálí àwo orin ni ó ní ọdún lára. Èyí tó sì ní i, òjò àti eku ti lè jẹ ibẹ̀. Nítorí náà, mo kọ àwọn àmì tí àwọn àgbà wọ̀nyí ń lò sílẹ̀, mo sì tò wọ́n báyìí.

Àmì kìíní ni orúkọ ẹgbẹ́. Bí a bá rí Green Spots, a mọ̀ pé ìbẹ̀rẹ̀ ni a wà. Bí a bá rí Golden Mercury, a mọ̀ pé a ti kọjá ayé Island. Ọ̀nà yìí wúlò fún olórin mìíràn pẹ̀lú. Ebenezer Obey dá International Brothers sílẹ̀ ní 1964, ó sì yí orúkọ náà padà sí Inter-Reformers nígbà tó yá. Ẹni tó bá mọ èyí kò ní fi àwo International Brothers sí ayé ìgbà tí epo rọ̀bì ti sọ owó di púpọ̀ lọ́wọ́ ìjọba.

Àmì kejì ni ilé-iṣẹ́ tó gbé àwo jáde àti nọ́ńbà tí ó tẹ̀ sí àárín rẹ̀. SALPS ni ó máa ń ṣáájú nọ́ńbà àwo ńlá ti Sunny Alade, ILPS sì ni ti Island. Nọ́ńbà kékeré sábà máa ń ṣáájú nọ́ńbà ńlá, ṣùgbọ́n ká ṣọ́ra. Bí wọ́n bá tún àwo tẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, nọ́ńbà àtijọ́ lè wà lára rẹ̀ síbẹ̀. Nọ́ńbà ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ náà, kò sọ ìgbà tí wọ́n tẹ ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ wa.

Àmì kẹta ni ọ̀rọ̀ inú orin, òun sì ni ó kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè jù. Bí olórin bá ń fi pọ́n-ùn àti ṣílè ka owó, ó ṣeé ṣe kí orin náà ṣáájú ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1973 tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà. Bí ó bá ń dárò ikú Ọ̀gágun Murtala Muhammed, kò lè ṣáájú ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kejì ọdún 1976. Èyí tó dùn mọ́ mi nínú jù ni ti ìlú wa. Títí di oṣù Kejì ọdún 1976, inú Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ni Ìlá wà. Láti ìgbà náà lọ, a di ará Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹjọ ọdún 1991, a di ará Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Bí olórin bá wá kí gbajúmọ̀ kan tí ó sì pè é ní ọmọ Ìlá ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, a ti mọ ibi tí a ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Síbẹ̀, àmì yìí lágbára ní apá kan ju èkejì lọ. Kò sí olórin tó lè dárúkọ ìpínlẹ̀ tí a kò tíì dá sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu a máa mọ́ orúkọ àtijọ́. Títí di òní, a ṣì ń gbọ́ ọ lẹ́nu àgbà tó ń ka owó ní ṣílè.

Àmì kẹrin ni ìró ohun èlò. Gìtá kan wà tí wọ́n máa ń tẹ́ sílẹ̀ bíi tábìlì, tí ohùn rẹ̀ máa ń fà bí ìgbà tí ènìyàn ń ké. Dèmọ́lá Adépọ̀jù ni ó ń ta á nínú African Beats. Bí a bá gbọ́ gìtá yìí, a ti kúrò ní ayé Green Spots. Bí a bá sì gbọ́ ìlù tí ẹ̀rọ ń lù, tí kì í ṣe ọwọ́ ènìyàn, Aura ni ó yẹ kí ọkàn wa kọ́kọ́ lọ sí. Onígángan ni ó kọ́ mi ní èyí. Wọ́n ní, "Ìlù tí kì í làágùn ni yẹn."

Àmì karùn-ún ni gígùn orin. Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí èyí, nítorí pé òun ni ó yí èrò mi padà.

Àwo orin gẹ́gẹ́ bí àyíká ìṣeré

Nínú kíláàsì, a kọ́ wa pé a kò lè ya lítíréṣọ̀ alohùn kúrò lára àyíká ìṣeré rẹ̀. A mọ̀ pé apohùn ń gùn tàbí ń gé iṣẹ́ rẹ̀ kúrú gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ń gbọ́ ọ ṣe rí. Ohun tí èmi kò rò tẹ́lẹ̀ ni pé àwo orin fúnra rẹ̀, àyíká kan ni.

Ẹ wò ó. Ojú kan àwo àtijọ́ tí ń yí ní ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Olórin tó fẹ́ kọrin sínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ sáré: kí ó fi gìtá ṣílẹ̀kùn, kí ó sọ òwe kan, kí ó ki ẹnì kan, ó tán. Àwo kékeré tí ń yí ní ìgbà 45 kò fi bẹ́ẹ̀ gùn jù ú lọ. Inú irú àyíká báyìí ni Green Spots ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí olùkọ́ wa ń yìn nínú orin ìgbà náà, ìyẹn ni pé kò sí ọ̀rọ̀ tó ṣòfò nínú rẹ̀, kì í ṣe ọgbọ́n olórin nìkan ni ó fà á. Àyè kò sí láti fi ọ̀rọ̀ ṣòfò.

Nígbà tí àwo ńlá gbòde, ojú kan rẹ̀ gba nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún. Àwọn olórin jùjú kò pín ojú yìí sí orin wẹ́wẹ́ mọ́. Wọ́n so orin mọ́ orin, wọ́n sì sọ ojú kan àwo di àríyá kékeré. Olórin yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ Olódùmarè, yóò kí àwọn olóyè àti àwọn oníṣòwò, yóò ki oríkì wọn, yóò sì dákẹ́ kí gángan àti gìtá tó wọ̀yá ìjà. Ìlànà yìí kò jìnnà sí ti ìṣeré alohùn wa láéláé. Ìdí nìyẹn tí awakọ̀ fi ń sọ pé bí òun bá gbọ́ àwo sáà kejì, òun a máa rí agbádá lójú òun.

Nígbà tí Juju Music dé, orin méje ni wọ́n pín in sí lójú méjèèjì. Díẹ̀ nínú wọn kì í ṣe orin tuntun. Wọ́n ti wà nínú àwo ilé, wọ́n gé wọn kúrú, wọ́n sì tún wọn ṣe. Oríkì àwọn gbajúmọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀ mọ́, nítorí pé ará Lọ́ńdọ̀nù kò mọ ẹni tí wọ́n ń kì. Àwọn àgbà ṣọ́ọ̀bù ní èyí ni ó ba sáà náà jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó kù nínú rẹ̀. Yorùbá ni ó fi kọ ọ́. Nínú Ja Funmi, orí rẹ̀ ni ó ń bẹ̀ pé kí ó jà fún òun. Orúkọ orin mìíràn níbẹ̀ ni Mo Beru Agba. Ìgbàgbọ́ Yorùbá nínú orí àti ẹ̀kọ́ ọmọlúàbí ni wọ́n gbé dé iwájú àwọn tí kò gbọ́ èdè wa, láìtúmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Oríkì ènìyàn ni wọ́n yọ kúrò, wọn kò yọ ìmọ̀ Yorùbá kúrò.

Ẹran tútù àti ẹran gbígbẹ

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo gbé èrò yìí kalẹ̀ níwájú wọn. Mo ní kí a má ṣe fi òṣùwọ̀n sáà kan wọn sáà mìíràn, nítorí pé àyíká wọn yàtọ̀. Onígángan gbọ́ mi títí, wọ́n sì bi mí ní ìbéèrè tí mi ò retí. Wọ́n ní, "Ṣé o ti débi tí Sunny ti ṣeré rí, ní ojúkorojú?" Mo ní rárá. Wọ́n ní, "Ẹran gbígbẹ ni gbogbo ohun tí o ń pín sí sáà sáà yìí. Nínú yàrá ìgbohùnsílẹ̀, ta ni ó ń lẹ owó mọ́ olórin lórí? Ta ni ó jó wá iwájú tí olórin fi yí orin padà nítorí rẹ̀? Ẹni tó jẹ ẹran tútù níbi àríyá ni ó mọ bí ẹran ṣe rí."

Kí n tó wá èsì, olùkọ́ ti dá wọn lóhùn. Wọ́n ní, "Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àríyá ọdún 1969, níbo ni ó wà báyìí? Ẹran gbígbẹ ni ó dúró dé ọwọ́ ọmọ yìí."

Mo rò pé àwọn méjèèjì ni wọ́n jàre. Àwo orin kì í ṣe àríyá, kò sì yẹ kí a kà á bí ẹni pé òun ni àríyá. Iṣẹ́ mìíràn ni, tí ó ní òfin tirẹ̀: aago ń ṣọ́ olórin, àwọn olùgbọ́ kò sí nítòsí, ó sì lè pe ohun kan léraléra títí yóò fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Síbẹ̀, ohun tí Sunny Ade gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń jó ni ó gbé wọ yàrá ìgbohùnsílẹ̀, ohun tó sì ṣe nínú yàrá ni àwọn ènìyàn ń retí lójú agbo. Ẹni tó bá kọ́ ọ̀kan láìkọ́ èkejì, ìdajì ẹ̀kọ́ ni ó kọ́. Oroki Social Club ti Hárúnà Ìṣọ̀lá, ọba orin àpàlà, jẹ́ àpẹẹrẹ tó dára. Láti inú àlejò tí ẹgbẹ́ kan ṣe é ní Òṣogbo ni àwo náà ti jáde ní 1971. Àríyá náà ti tán, ṣùgbọ́n àwo kò jẹ́ kí orúkọ ẹgbẹ́ náà parẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àpótí náà

Kí ìsinmi mi tó dé ìdajì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi sọ fún mi pé àwọn fẹ́ ta àwo náà. Ọkùnrin kan tí ó máa ń wá ra àwo àtijọ́ láti Èkó ti wá wò wọ́n, ó sì ti dá iye. Páànù ṣọ́ọ̀bù ń jò, òjò sì ti ba bébà aṣọ àwọn oníbàárà jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, àwo orin kì í dí ihò páànù."

Kò sí ohun tí mo lè fi dá wọn lóhùn, nítorí pé n kò ní owó páànù. Mo wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi ní alẹ́ mẹ́ta. Wọ́n gbà. Mo ra ìwé àjákọ kan. Gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ wọn péjọ, a sì gbé àwo mẹ́rìnlélógójì náà sí orí giramafóònù lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo kọ orúkọ ẹgbẹ́, ilé-iṣẹ́, nọ́ńbà, orúkọ ẹni tí a kì nínú orin, àti ohun tí àgbà kọ̀ọ̀kan rántí. Mo fi fóònù ya àwòrán páálí wọn. Lórí àwo mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ẹnu wọn kò lórí ọdún tó jáde. Lórí mẹ́tàlá yòókù, ẹnu wọn kò kò. Mo kọ ohun tí oníkálukú sọ sílẹ̀ pẹ̀lú ìdí rẹ̀, n kò sì yàn fún wọn. Àwo kan wà tí bébà àárín rẹ̀ ti ya tán. Olùkọ́ ní 1969 ni, nítorí pé ọdún náà ni àwọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Awakọ̀ ní 1971 ni, nítorí pé ọdún náà ni àwọn gbéyàwó. Méjèèjì ló wà nínú ìwé mi.

Ní ọjọ́ kẹrin, ọkùnrin náà dé. Àwo Green Spots ni ó kọ́kọ́ ṣà, gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ti sọ tẹ́lẹ̀ pé yóò ṣe. Kò béèrè ẹni tó ni wọ́n, kò sì béèrè ohun tí wọ́n rántí nípa wọn. Ó kà wọ́n bí ẹní ka iṣu, ó sanwó, ó sì di wọ́n sínú páálí ńlá. Kí oòrùn tó wọ̀, káfíńtà ti gun òrùlé ṣọ́ọ̀bù.

Ìgúnlẹ̀

Mo fẹ́ kí ohun méjì yé wa nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àkọ́kọ́ ni pé àríyànjiyàn àwọn olólùfẹ́ orin kì í ṣe ìsọkúsọ àwọn tó mu ẹmu yó. Ìmọ̀ ni. Nígbà tí awakọ̀ sọ pé àwo kan ti ayé African Beats ni, ẹ̀rí wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ wọn: ìró ohun èlò, orúkọ ìpínlẹ̀, owó tí a ń ná, àti ìgbésí ayé àwọn fúnra wọn. Ohun tó kù fún wa ni láti kọ ẹ̀rí náà sílẹ̀ kí a sì dán an wò, nítorí pé àgbà náà lè ṣì í rántí bí fóònù ṣe lè ṣì í wí.

Èkejì ni pé àwo orin lè lọ sí ìlú mìíràn kí ó sì wà láìfarapa. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ẹni tí wọ́n kì nínú rẹ̀, àti ìdí tí wọ́n fi kì í, kò lè wọ inú páálí. Ní Ìlá, ní Òkè-Ìlá, ní Ọ̀rà, àti ní gbogbo ìlú tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ yìí ti wá, àpótí báyìí ṣì wà lábẹ́ ibùsùn. Mo rọ olúkúlùkù wa kí a ra ìwé àjákọ kan ṣoṣo, kí a sì jókòó ti àgbà kan ní ìsinmi tó ń bọ̀. Mo sì bẹ ẹ̀yin olùkọ́ wa pé kí ẹ jẹ́ kí irú iṣẹ́ yìí wà lára iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tí a ń ṣe kí a tó gboyè.

Àwo méjì ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò tà. Nígbà tí mo ń múra láti padà sí ilé-ẹ̀kọ́, mo rí wọn lórí tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ, Synchro System Movement ti 1976 àti Synchro System ti 1983, lábẹ́ páànù tuntun. Mo béèrè ìdí rẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kí ìwọ̀nyí máa wà níbẹ̀, kí ọmọ mìíràn má baà tún wá bá wa jiyàn."